Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé táyà iwájú páwà báìkì sókè. Òṣogbo ni mo wà

ỌmọAyétòrò:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ayétòrò, Òṣogbo níbí, ni mo ń gbé. Mo ra Yamaha R6 tòkunbọ̀ kan lọ́dún tó kọjá, ti 2008, aláwọ̀ búlúù. Mo ti gùn ún dé Ìwó, mo ti gùn ún dé Iléṣà, mo ti gùn ún lọ Ìbàdàn mo sì padà lọ́jọ́ kan náà, kò sí wàhálà. Kí n tó rà á, Boxer ni mo ń gùn láti ìgbà tí mo ti wà ní sẹ́kọ́ńdírì, nítorí náà n kì í ṣe ẹni tí kò mọ ohun tí klọ́ọ̀ṣì ń ṣe.

Ohun tí mo fẹ́ kọ́ báyìí ni wíìlì. Kí táyà iwájú gbéra nílẹ̀, kó dúró sókè díẹ̀, kí n sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń gbéyàwó nínú oṣù Kejìlá, àwa tí a ń gun páwà báìkì la máa ṣáájú mọ́tò ìyàwó láti ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí ibi ìnáwó. Mo fẹ́ gbé e lẹ́ẹ̀kan péré níwájú gbọ̀ngàn kí àwọn àǹtí wa tó wọ aṣọ ẹbí lè pariwo. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn.

Mo ti wo fídíò lórí fóònù títí ojú fi ń ta mí. Ẹnì kan á ní kí n fún un níná lójijì, ẹlòmíràn á ní klọ́ọ̀ṣì ni gbogbo rẹ̀. Mo fún un níná ní jíà kìíní, máṣíìnì kàn sáré lọ ni, iwájú ò tilẹ̀ mira. Ṣé R6 mi ló ti kú lágbára ni, àbí èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n ṣe? Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ pààrọ̀ sípírókẹ́ẹ̀tì, irin eléyín tí ṣéènì ń yí lé lórí. Mo rò pé kí n máa lọ dánra wò lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán, láti Ọlá-Ìyá sí Abẹ́rẹ́, ní ìdájí kí ọkọ̀ tó pọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe gan-an ni kó dákun dá mi lóhùn.

Ọmọ Ìkìrun:

Àbúrò, àwọn àǹtí á pariwo lóòótọ́. Ohun tí wọ́n máa pariwo lé lórí ni kò tíì yé mi 😂

Dúró de Bàbá Kábúrétọ̀. Bó bá ti rí ọ̀rọ̀ yìí, ìwọ náà á mọ̀ pé o béèrè nǹkan.

Nọ́ọ̀sì Ìgbọ̀nà:

Èmi ò mọ wíìlì, mi ò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Gbọ̀ngán tí ẹ dárúkọ yẹn, mo máa ń gbà á bí mo bá ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, mo mọ ohun tó wà níbẹ̀ ní ìdájí. Àwọn tó ń sáré kí ara wọn lè le wà níbẹ̀. Àwọn ìyá tó ru búrẹ́dì wà níbẹ̀. Bọ́ọ̀sì Ìbàdàn tí iná ojú rẹ̀ kan ti kú wà níbẹ̀, ó sì ń wá èrò, kò wo iwájú. Kò sí ìdájí tí ọ̀nà yẹn ń ṣófo. Bí ẹ bá ṣubú, ẹ̀yin lẹ yàn án. Ìyá oníbúrẹ́dì ò yan nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín: irú akoto wo lẹ ń dé? Ní oṣù Kìíní ọdún 2009, nígbà tí àwọn Road Safety bẹ̀rẹ̀ sí í fipá mú àwọn ọlọ́kadà láti dé akoto, àwọn kan lọ ń dé igbá, àwọn mìíràn dé ike ọ̀dà, gbogbo ayé fi wá rẹ́rìn-ín. Èyí tí mo ń rí lórí àwọn ọmọ onípáwà báìkì kan lónìí ò sàn ju igbá yẹn lọ. Ó ń dán, ó ní gíláàsì dúdú, ṣùgbọ́n okùn abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ kì í há. Ẹ ra èyí tó bo ẹnu àti àgbọ̀n, tí wọ́n kọ ECE 22.05 tàbí 22.06 sí lára, ìyẹn àmì pé ó yege àyẹ̀wò akoto, kí ẹ sì dè é mọ́lẹ̀. Ìlẹ̀mọ́ DOT, àmì ti Amẹ́ríkà, nìkan kò tó nǹkan, àwọn tó ń tà á lọ́jà ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ohunkóhun.

Ohun kejì, ọwọ́ ni èèyàn máa ń nà síwájú bó bá ń ṣubú, ọrùn ọwọ́ ló sì máa ń kán. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ aláwọ tó nípọn. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yìn ni máṣíìnì dà yín sí, ìdí àti ọ̀pá ẹ̀yìn ló ń kọ́kọ́ kanlẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wọ̀ sábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì fún ẹ̀yìn wà, ẹ wá a rà kí ẹ tó ra sípírókẹ́ẹ̀tì kankan. Mo ti sọ tèmi.

Bàbá Kábúrétọ̀:

Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́, ẹ ṣeun. Àbúrò, ka ohun tí wọ́n sọ lẹ́ẹ̀kejì kí o tó ka tèmi. N kì í kọ́ ẹni tó bá fẹ́ ṣe é lójú títì. Wíwa ọkọ̀ léwu ni Road Safety máa pè é bí wọ́n bá mú ẹ, wọn ò sì ní parọ́.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó ń dùn ẹ́. R6 rẹ ò kú. Ẹ́ńjìnnì 599 sísì, sílíńdà mẹ́rin, eré ìje ni wọ́n rò kí wọ́n tó ṣe é, nítorí náà agbára rẹ̀ ò sí nísàlẹ̀. Bí aago ẹ́ńjìnnì, tó ń ka iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan, bá wà ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin tàbí márùn-ún, ó ń tòògbé ni. Ó dìgbà tó bá kọjá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá kó tó la ojú. Jíà kìíní rẹ̀ tún wá gùn, jíà yẹn nìkan lè gbé ẹ kọjá ọgọ́rùn-ún kìlómítà ní wákàtí kan. Tí o bá wá ní kí iná nìkan gbé iwájú fún ẹ, o ti ń sá nǹkan bí ọgọ́rin kó tó ronú àtigbéra. Ta ló ń fi irú eré bẹ́ẹ̀ kọ́ ohun tí kò mọ̀? Máṣíìnì onísílíńdà méjì bíi Yamaha MT-07, agbára tiwọn wà nísàlẹ̀, iná lásán ń gbé wọn. Àwọn tó ń sọ fún ẹ nínú fídíò pé kí o fún un níná lójijì, wo ohun tí wọ́n gùn. Ti tìẹ, klọ́ọ̀ṣì ni.

Ṣùgbọ́n klọ́ọ̀ṣì kọ́ ni màá fi bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ ni. Gbogbo fídíò tí o wò, bí iwájú ṣe ń lọ sókè ni wọ́n fi hàn ẹ́. Kò sí èyí tó ya ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹni tó gùn ún, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Gbọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí iwájú bá ti kúrò nílẹ̀, nǹkan méjì ló lè sọ ọ́ kalẹ̀: kí o dín iná kù, tàbí kí o tẹ bíréèkì ẹ̀yìn. Dídín iná kù ti tó níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì ga. Ṣùgbọ́n bó bá ń ga sí i, ó níbi tó máa dé tí gbogbo ìwúwo ìwọ àti máṣíìnì á wà lókè ibi tí táyà ẹ̀yìn ti kanlẹ̀ gẹ́lẹ́. Wàá mọ̀ ọ́n lọ́wọ́: máṣíìnì á fúyẹ́, ariwo ẹ́ńjìnnì á rọlẹ̀, iná díẹ̀ báyìí ló kù tó ń fẹ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe, orí ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé, wọ́n á máa fi iná díẹ̀ àti bíréèkì díẹ̀ dá a dúró. Bó bá fi díẹ̀ kọjá ibẹ̀, o lè ti iná pa pátápátá kó má wálẹ̀ mọ́. Ẹ̀yìn ló ń lọ. Bíréèkì ẹ̀yìn ló kù tó lè gbà ẹ́ sílẹ̀: táyà ẹ̀yìn á dín eré kù, ara máṣíìnì tó ṣì fẹ́ máa lọ á tẹ̀ síwájú, iwájú á wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí o fi máa rí ẹni tó ti ń gun páwà báìkì láti ìgbà pípẹ́ tó dà sẹ́yìn. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iná, ọwọ́ rẹ̀ mọ klọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí irin ìtẹ̀lẹ̀ nígbà tí nǹkan ń bàjẹ́, kó sì tó wá bíréèkì kàn, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ẹni tó bá wá bá mi, mo máa ń gbé R6 tàbí Suzuki GSX-R rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, mo máa ń fa Boxer jáde fún un. Ojú wọn á kọ́rẹ́. Ẹlòmíràn á wò yíká bóyá ẹnì kan ń wò ó. Mi ò dá wọn lóhùn. R6 tí epo kún inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 190 kìlógíráàmù, Boxer ò jìnnà sí 120. Bí Boxer bá ṣubú, a á gbé e dìde, a á na ọwọ́ klọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tó tẹ̀, a á máa bá eré lọ. Bí R6 bá ṣubú, ike ẹ̀gbẹ́ nìkan tó owó Boxer àlòkù kan, mi ò tíì ka táńkì.

Ẹ sì má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ẹ́ńjìnnì ńlá ló ń ṣe é. Ará Japan kan wà, Yasuyuki Kudo. Nínú oṣù Karùn-ún ọdún 1991, ó fi táyà ẹ̀yìn nìkan rin kìlómítà 331 láìjẹ́ kí iwájú kanlẹ̀, Guinness kọ ọ́ sílẹ̀. Òṣogbo sí Èkó ò tó bẹ́ẹ̀, kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Kí ló gùn? Honda TLM220R, máṣíìnì tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gun orí òkúta. Bí o bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ R6 rẹ, wàá rò pé ti àbúrò rẹ ni.

Ibi tí a ti ń ṣe é ni ibi ìgbọ́kọ̀sí ilé ayẹyẹ kan. Ní Sátidé, o ò lè rí àyè gbé kẹ̀kẹ́ síbẹ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, gáádì àti ewúrẹ́ rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Mo bá ẹni tó ni ín sọ̀rọ̀, ó gbà, ó ní ká má fi táyà kọ ilẹ̀ òun dúdú. Íntálọ́ọ̀kì ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, kò dáa tó ọ̀dà, nítorí náà bí ó bá ti tutù, a ò ní gùn. Iyanrìn tún máa ń wà lórí rẹ̀ nígbà ọyẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ lòun máa gbá a, láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, kó tó gun nǹkan kan. Ó ní ẹni tó wá lẹ́ẹ̀kan tó rí ìgbálẹ̀, tí kò padà wá mọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Bó ṣe ń lọ rèé. Jíà kìíní, kí máṣíìnì máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Jókòó bí o ṣe ń jókòó, má sún mọ́ táńkì jù, fi orúnkún há a mọ́ra, kí apá rẹ rọ̀. Má fa hándù. Ẹni tó bá ń fa hándù, máṣíìnì á yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, torí apá kan le ju èkejì lọ. Ìka méjì lórí klọ́ọ̀ṣì. Ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún lórí bíréèkì, kó wà níbẹ̀ kí máṣíìnì tó gbéra, kó sì wà níbẹ̀ títí yóò fi dúró. Wàá wá fa klọ́ọ̀ṣì díẹ̀, kì í ṣe tán, kó kàn tú ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ lọ́wọ́ táyà. Wàá fún un níná díẹ̀ kí ohùn rẹ̀ ga. Wàá tú klọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ kíákíá, ṣùgbọ́n má jù ú sílẹ̀. Iwájú á fò. Bó ti wù kó kéré tó, kódà bó bá jẹ́ ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, tẹ bíréèkì ẹ̀yìn. Kì í ṣe pé ó nílò rẹ̀. Á wálẹ̀ fúnra rẹ̀ níbi tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Bí a ṣe máa ṣe é nìyẹn lọ́jọ́ yẹn, lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, títí ẹsẹ̀ á fi máa tẹ̀ ẹ́ kí orí tó rántí. Bí mo bá rí i pé iwájú gbéra tí ẹsẹ̀ ò tẹ nǹkan kan, mo máa ń yọ kọ́kọ́rọ́.

Lẹ́yìn náà la tó máa jẹ́ kó ga. Bí ó bá ń wálẹ̀, má ti iná pa gbì. Dín in kù jẹ́jẹ́, kó kù díẹ̀ kó kanlẹ̀ kí o fi iná kékeré gbà á, kó lè balẹ̀ láìjálulẹ̀. Àwọn tó ń já a lulẹ̀ ni mo ń rí owó gbà lọ́wọ́ wọn ní ìsọ̀ mi: ọ́ìlì síìlì ṣọ́ọ̀kì iwájú á bẹ́, epo á máa ṣàn lé bíréèkì lórí, bẹ́árììnì ọrùn hándù á jẹ kòtò. Kí hándù sì gún kí táyà tó kanlẹ̀. Bó bá wọ́, hándù á bẹ̀rẹ̀ sí í jà sọ́tùn-ún sósì, bí o bá sì fipá dì í mú, ńṣe lò ń bù kún un.

Ti ìgbéyàwó, mi ò fara mọ́ ọn. O ò rí bí iwájú gbọ̀ngàn ṣe máa ń rí nígbà tí ìyàwó bá dé? Àwọn onílù á ti dí ojú ọ̀nà, àwọn àǹtí rẹ yẹn gan-an á jáde wá náwó fún ọkọ àti ìyàwó, àwọn ọmọdé á máa sáré láàárín ẹsẹ̀ wọn láti ṣa náírà. Ibẹ̀ lo fẹ́ gbé 190 kìlógíráàmù dúró lórí táyà kan? Ẹ fọ máṣíìnì yín kó dán, ẹ tò ní méjì-méjì, ẹ tan iná, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kùn. Wọ́n á pariwo. Bí ẹnu iṣẹ́ rẹ bá ti jáfáfá nígbà yẹn, ya fídíò rẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan lórí íntálọ́ọ̀kì, kí wọ́n wò ó níbi tí wọ́n ti ń jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù.

Ṣéènì Òkè-Fìà:

Bàbá, ẹ kú ọgbọ́n. Mo ń ta ṣéènì àti sípírókẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ kí n sọ ti apá tèmi, kì í ṣe torí ọjà.

R6 láti 2006 wá sókè, eyín 16 ló ń gbé níwájú, 45 lẹ́yìn, ṣéènì 525. Bí o bá fi 15 síwájú, ó dọ́gba pẹ̀lú kí o fi 48 sẹ́yìn. Ìyẹn ni ọ̀rẹ́ rẹ ń sọ. Jíà kìíní á kúrú sí i, iwájú á sì tètè gbéra. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ ò sọ ni pé tí o bá ń lọ Ìbàdàn, ẹ́ńjìnnì á máa ké ju ti tẹ́lẹ̀, epo á sì máa lọ. Aago eré rẹ̀ náà á máa parọ́, torí ara jíà bọ́ọ̀sì ló ti ń kà á: bó bá fi 100 hàn, nǹkan bí 94 lò ń sá.

Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀, kó pààrọ̀ ṣéènì àti méjèèjì pọ̀. Ṣéènì tó ti gbó lórí sípírókẹ́ẹ̀tì tuntun máa jẹ ẹ́ láìpẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi èyí tí wọ́n ń fi kílíìpù so lé e fún irú eré yìí, èyí tí wọ́n ń kàn pa ni kí ẹ rà. Klọ́ọ̀ṣì tí ẹ ń tú sílẹ̀ lójijì yẹn, ara ṣéènì ló ń bọ́ sí. Kó má há jù o, torí bí ẹ̀yìn bá lọ sílẹ̀, ṣéènì á tún há sí i. Kí ẹnì kan jókòó lórí rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń wọ̀n ọ́n.

ỌmọAyétòrò:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Nọ́ọ̀sì, akoto mi bo ẹnu, ṣùgbọ́n DOT nìkan ló wà lára rẹ̀, mo sì ti ṣẹ̀ṣẹ̀ fi èékánná tú ìlẹ̀mọ́ náà, ó ṣí 😩 Màá wá òmíràn.

Bàbá, mo ti gbà nípa ìgbéyàwó. Ìyá mi ka ọ̀rọ̀ yín lórí fóònù mi, wọ́n ní kí Ọlọ́run bù sí i fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ó ku mẹ́ta. Bí mo bá wọ bàtà gíga, ẹsẹ̀ mi kì í rí bíréèkì ẹ̀yìn R6 yẹn, àfi kí n gbé e sókè. Ẹ̀ẹ̀kejì, fọ́kanáísà kan ní káwọn tó ń ṣe é máa ń tú afẹ́fẹ́ táyà ẹ̀yìn sílẹ̀, ṣé kí n tú u? Ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n ní wíìlì máa ń pa ẹ́ńjìnnì nítorí ọ́ìlì. Òótọ́ ni?

Ti Boxer, kò sí wàhálà. Kẹ́ ẹ sáà má jẹ́ kí ẹnì kankan ya fọ́tò mi.

Bàbá Kábúrétọ̀:

Kí ìyá wa pẹ́ fún wa.

Bíréèkì: o ò nílò kí o máa gbé ẹsẹ̀ sókè. Ọ̀pá bíréèkì ẹ̀yìn ní ibi tí wọ́n ti ń sún un sókè-sódò, nọ́ọ̀tì kan ló dè é. Bàtà tí o fẹ́ máa fi gùn ún ni kí o wọ̀ wá, a ó sún un sí ibi tí ìka ẹsẹ̀ rẹ á ti bà lé e fúnra rẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe sálúbàtà ni wàá wọ̀ wá kí a fi sún un, kí o wá wọ bàtà ńlá lọ́jọ́ kejì. Bí a bá ti sún un tán, wo iná ẹ̀yìn bóyá ó ń tàn láìṣe pé o tẹ̀ ẹ́. Bó bá ń tàn, swíìṣì rẹ̀ náà ń fẹ́ ìtúnṣe. Jẹ́ kí n wo bíréèkì pádì àti omi bíréèkì rẹ pẹ̀lú. Tòkunbọ̀ ni, ẹni tó gùn ún ṣáájú rẹ lè má tẹ bíréèkì ẹ̀yìn rí. Ọ̀pọ̀ wọn, ti iwájú nìkan ni wọ́n mọ̀.

Táyà: má tú nǹkan kan. PSI 36 níwájú, 42 lẹ́yìn ni Yamaha sọ. Òótọ́ ni pé àwọn tó fi eré yìí ṣe iṣẹ́ máa ń dín ti ẹ̀yìn kù gan-an kí táyà lè tẹ́ pẹrẹsẹ kí máṣíìnì má máa mì. Àmọ́ inú ọkọ̀ ni wọ́n ń gbé máṣíìnì tiwọn dé pápá. Ìwọ máa gun tìẹ padà sí Ayétòrò. Táyà tí kò ní afẹ́fẹ́ tó máa gbóná lójú ọ̀nà, bó o bá sì bọ́ sí kòtò, ríìmù á tẹ̀. Fọ́kanáísà yẹn máa rí owó lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ́ìlì: òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tíì kàn ẹ́. Nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì ni ọ́ìlì ń gbé, pọ́ńpù ló ń fà á láti ibẹ̀. Bí iwájú bá ga tó sì pẹ́ lókè, gbogbo ọ́ìlì á ṣàn sẹ́yìn, pọ́ńpù á bẹ̀rẹ̀ sí í fa afẹ́fẹ́, irin á máa ha irin. Àwọn tó ń pẹ́ lókè máa ń bu ọ́ìlì sí i kọjá ibi àmì, àwọn mìíràn ń tún ẹnu pọ́ńpù ṣe. Èyí tí ìwọ máa ṣe fún ọ̀pọ̀ oṣù, á ti balẹ̀ kí ọ́ìlì tó mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Kó wà níbi àmì òkè ni mo fẹ́, kí o sì máa wò ó kí o tó jáde. Bí iná ọ́ìlì bá tàn, pa ẹ́ńjìnnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, má ṣe gùn ún wá sí ìsọ̀ mi, pè mí.

Sípírókẹ́ẹ̀tì, mo mọ̀ pé Ṣéènì ní láti jẹun, òdodo ló sì sọ. Fi owó yẹn ra akoto báyìí. Bí o bá ti wà lórí R6, a máa fi 16 yẹn kọ́ ẹ ní jíà kìíní. Ti 2008 ò ní kọ̀ǹpútà tó ń dí iwájú lọ́wọ́ bíi Yamaha R1 láti 2015 wá, nítorí náà kò sí nǹkan tí a máa pa. Aago ẹ́ńjìnnì ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́fà, ohun kan náà tí o ti ń ṣe lórí Boxer, klọ́ọ̀ṣì díẹ̀, iná díẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ti R6 kì í fọwọ́ sọ fún ẹ pé òun ń bọ̀. Á dákẹ́, á dákẹ́, á wá dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ nígbà yẹn, a ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago méje àárọ̀, kí oòrùn tó mú. Fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi níbí, màá sọ ibẹ̀ fún ẹ. Owó gáádì ni kí o mú dání. Tèmi, a ó sọ ọ́ nígbà tí mo bá ti rí bí o ṣe ń tẹ bíréèkì.